Táyà iwájú píkọ́ọ̀pù Tacoma 1999 yẹ̀ síta ní Lafẹ́nwá, Abẹ́òkúta, ìpẹtà sì wà lára ṣáásì rẹ̀: kí ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Oníṣòwò gàrí, Ọbańtokò

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Àwọn tó mọ tìfun-tẹ̀dọ̀ ọkọ̀ ni mo ń bẹ̀ pé kí wọ́n fara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, nítorí pé píkọ́ọ̀pù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òwò mi dúró lé, ó sì ti wà lójú kan báyìí.

Toyota Tacoma ọdún 1999 ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ̀gẹ́ ni a fi ń kó láti àwọn abúlé ọ̀nà Ọ̀dẹdá, a ó sì fi kó gàrí lọ sí ọjà Lafẹ́nwá nígbà tí a bá yan án tán. Kó tó bàjẹ́, awakọ̀ mi máa ń sọ pé òun ń gbọ́ ohun kan tó ń dún kò-kò-kò ní ẹsẹ̀ òsì iwájú bí ọkọ̀ bá wọ kòtò. Ọkọ̀ náà tún máa ń fà sí òsì, táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn sì ń jẹ nínú ju ìta lọ. Mẹkáníìkì tí a gbé e lọ bá nígbà náà pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Ariwo náà dín kù díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Bí awakọ̀ ṣe ń yí sítíárìnì kó lè yà sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Lafẹ́nwá, ìsàlẹ̀ táyà òsì iwájú yọ síta, orí rẹ̀ dà sínú fẹ́ńdà, iwájú ọkọ̀ sì wolẹ̀ lójijì. A dúpẹ́ pé ọkọ̀ kò sáré, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Láti ìgbà náà, ènìyàn méjì ti wá wò ó. Ẹnì kìíní ní sípíríǹgì ló ṣẹ́, pé kí n lọ ra odidi ẹsẹ̀ kan. Ẹnì kejì ní bóòtù kan ló já, pé òun yóò jó o pọ̀ níbẹ̀ ká sì máa lọ. Bí ẹni kejì yìí ṣe wà lábẹ́ ọkọ̀, ó fi ọwọ́ fa èèpá ìpẹtà kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ yọ lára ṣáásì, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ó sì ní kò burú, pé ọ̀dà dúdú ni òun yóò fi bò ó.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí: kí ló ṣẹ́ gan-an? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la? Ìpẹtà yìí ńkọ́, ṣé ó ṣì jẹ́ kí ọkọ̀ náà ṣeé tún ṣe?

Mẹkáníìkì, Ìta-Ọ̀ṣìn

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, kì í ṣe sípíríǹgì ló ṣẹ́. Bí sípíríǹgì bá ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ yóò rọ̀ sílẹ̀, ó sì lè máa ha táyà, ṣùgbọ́n táyà kò ní kúrò ní ìdúró rẹ̀. Ohun tó lè mú kí ìsàlẹ̀ táyà yọ síta báyìí ni kí bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì ìsàlẹ̀, ìyẹn oríkèé onírin róbótó tó so táyà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, jáde kúrò nínú ilé rẹ̀, tàbí kí àwọn bóòtù mẹ́rin tó dì í mú já. Ti àkọ́kọ́ ló wọ́pọ̀ jù, ariwo kò-kò-kò tí ẹ gbọ́ tẹ́lẹ̀ sì bá a mu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má baà tún ta ṣọ́ọ̀kì fún yín. Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí ní áàmù méjì, ìyẹn irin bí apá tó so táyà mọ́ ṣáásì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Nọ́kù, ìyẹn irin tó gbé họ́ọ̀bù (ibi tí a ń de táyà mọ́) àti táyà dání, wà láàárín wọn, bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì kan lókè àti òmíràn nísàlẹ̀ ló sì so ó mọ́ wọn kó lè máa yí sọ́tùn-ún sósì. Orí áàmù ìsàlẹ̀ ni sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì jókòó sí, nítorí náà ìsàlẹ̀ yẹn ni ìwúwo iwájú ọkọ̀ ń gbà kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, ìwúwo náà máa ń tẹ bọ́ọ̀lù wọ inú ilé rẹ̀ ni, tó fi jẹ́ pé bó bá tilẹ̀ jẹ púpọ̀, yóò ṣì jókòó síbẹ̀. Ní ti Tacoma àtijọ́ tó ní nọ́ọ̀tù mẹ́fà lójú táyà, fífà ni ìwúwo ń fa bọ́ọ̀lù náà jáde. Nígbà tí ẹnu ilé rẹ̀ bá ti jẹ gbòòrò tó, ó máa ń yọ lẹ́ẹ̀kan náà ni, ìgbà tí ènìyàn bá sì ń yí sítíárìnì ló sábà máa ń yọ. Ẹ ka nọ́ọ̀tù táyà yín. Bó bá jẹ́ márùn-ún ni, Tacoma tó kúrú nílẹ̀ ni, ìtò ẹsẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, kí ẹ padà wá sọ fún wa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó nǹkan kan pọ̀ níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì, nọ́kù àti bóòtù tó dì wọ́n mú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jó, nítorí pé iná máa ń ba líle irin wọn jẹ́, ẹ kò sì ní rí àmì rẹ̀ lójú títí yóò fi tún já.

Ní ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ gbé jáàkì sí abẹ́ áàmù ìsàlẹ̀, kó sún mọ́ táyà bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹ má gbé e sí abẹ́ ṣáásì, torí a fẹ́ kí áàmù dúró gbọn-in kó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan ni yóò mì bí ohun kan bá máa mì. Ẹ fi òkúta di táyà ẹ̀yìn, ẹ sì ki sítáǹdì tó lágbára bọ abẹ́ ṣáásì kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ síbẹ̀. Nígbà tí táyà bá ti kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ẹnì kan fi irin gígùn gbé táyà láti ìsàlẹ̀ sókè, kí ó dá a sílẹ̀, kí ó tún gbé e, kí ẹlòmíràn sì tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín nọ́kù àti áàmù ìsàlẹ̀. Bí àlàfo ibẹ̀ bá ń ṣí tó ń pa dé, bọ́ọ̀lù náà ti parí iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ di orí táyà àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ mì ín. Bó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀: bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, béárìnì họ́ọ̀bù ni, ṣùgbọ́n bó bá ṣì ń mì, bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì ni. Èyí tó bá mì nígbà tí ẹ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì táyà mú, orí táìrọ́ọ̀dù, irin tó so sítíárìnì mọ́ táyà, ni kí ẹ wò.

Lẹ́sẹ̀ òsì tó ti já, bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni ẹ ó wò. Nígbà tí iwájú ọkọ̀ bá wolẹ̀ báyẹn, ó lè na okùn rọ́bà bíréèkì títí yóò fi ya nínú, ó lè tẹ táìrọ́ọ̀dù, ó lè fa bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì òkè kọjá ibi tó yẹ kó dé, ojú ihò áàmù ìsàlẹ̀ tí ìdí bọ́ọ̀lù wọ̀ sí sì lè ti fẹ̀. Bí ojú ihò náà kò bá rí róbótó mọ́, áàmù tuntun ni.

Awakọ̀ píkọ́ọ̀pù, ọ̀nà Ayétòrò

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa bí ẹ ó ṣe gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn fà á. Ọkọ̀ tó ní pẹpẹ ni kí ẹ pè, èyí tí wọ́n lè gbé odidi Tacoma náà lé lórí, kí wọ́n sì ki igi pákó sí abẹ́ áàmù kó má baà máa wọ́ ilẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ju ti okùn lọ, ṣùgbọ́n okùn yẹn ni yóò bá yín ba họ́ọ̀bù àti fẹ́ńdà jẹ́ kí ẹ tó dé Ìta-Ọ̀ṣìn.

Wẹ́dà ṣáásì, Kútọ̀

Gbogbo ohun tí ọ̀gá mẹkáníìkì sọ ni mo fara mọ́, àfi ètò tí a ó fi ṣe é. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá ṣáásì tí a fẹ́ dè é mọ́ ṣì jẹ́ ṣáásì. Èèpá ìpẹtà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọ̀dà dúdú bò. Irin tó bá ń yọ èèpá bẹ́ẹ̀ ti sọnù díẹ̀díẹ̀ láti inú nínípọn rẹ̀, iye tó ṣẹ́ kù sì ni ohun tí a kò tíì mọ̀.

Ìpẹtà oríṣi méjì ló wà, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe pàtàkì. Èyí tó wà lójú irin lásán, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí a lè fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha kúrò kí irin dídán sì yọ lábẹ́ rẹ̀, kò le rárá. Èyí tó ń bọ́ ní ìpele-ìpele, tó wú, tó fi kókó hàn lábẹ́ ọ̀dà, ni kí ẹ bẹ̀rù. Inú ló sì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé apá púpọ̀ nínú ṣáásì Tacoma yìí dí lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àpótí gígùn, ẹrẹ̀ ń wọlé láti àwọn ihò kéékèèké, kò sì rí ibi jáde. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí i níta, ó ti ń jẹ inú bọ̀ tipẹ́tipẹ́.

Báyìí ni kí ẹ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tó lágbára fọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú òòlù kékeré, ẹ máa fi kan ṣáásì láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́ àti nísàlẹ̀, láì fi ibì kankan sílẹ̀. Irin tó dára máa ń dún ketekete, òòlù a sì ta padà sí yín lọ́wọ́. Ibi tó ti jẹrà máa ń dún bọ̀ùn, òòlù kò sì ní ta padà. Níbi tó bá ti dún bọ̀ùn, ẹ fi ẹnu sukudiráfà gún un pẹ̀lú agbára ọwọ́. Bó bá lè wọlé, ibẹ̀ kò lè gbé ẹrù.

Àwọn ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò ni ìdí áàmù ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ ṣáásì, abẹ́ ibi tí ẹ̀rọ sítíárìnì dè mọ́, àárín ilé awakọ̀ àti bọ́dì ẹ̀yìn, orí ibi tí sípíríǹgì onípele ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣáásì níwájú, àti irin ìdábùú tó wà lókè táyà ìpamọ́. Ibi sípíríǹgì onípele yẹn ni mo tẹnu mọ́ jù. Ẹrù ẹ̀gẹ́ tí ẹ ń kó ń tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, bíréèkì àti gbígbéra ọkọ̀ sì ń fà á síwá sẹ́yìn. Bí ẹ ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò, ẹ máa wo páìpù bíréèkì tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣáásì kọjá pẹ̀lú, nítorí irin ni òun náà, ó sì tínrín gan-an.

Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀dà dúdú tó nípọn bí ọ̀dà títì bò, ẹ má gbà pé ó dára. Ẹ fi sukudiráfà ha á kúrò kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, Àlàbátà

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ìpẹtà yìí ti wá, nítorí pé yóò ran ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ iwájú lọ́wọ́. Ní àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí yìnyín ti ń bọ́, bíi Ohio, Michigan àti New York, iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì nígbà òtútù, nítorí pé omi iyọ̀ kì í tètè dì bí omi lásán. Táyà á ta omi iyọ̀ náà sí abẹ́ ọkọ̀. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ló jọ ń fa ìpẹtà, omi iyọ̀ sì ń mú kí iṣẹ́ náà yára púpọ̀ nítorí pé ó ń gbé iná mànàmáná kọjá dáadáa. Iyọ̀ tó ti wọ inú ṣáásì kì í fúnra rẹ̀ jáde. Ó máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, òjò ilẹ̀ wa àti ẹrẹ̀ ọ̀nà oko sì wá ń bá a ṣe é lọ.

Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni fún irú ọkọ̀ yìí. Ní ọdún 2008, Toyota kéde ní Amẹ́ríkà pé wọn yóò yẹ ṣáásì Tacoma ọdún 1995 sí 2000 wò nítorí ìpẹtà, wọ́n sọ àsìkò ìdánilójú ṣáásì náà (ìgbà tí ilé iṣẹ́ fi ń dúró fún un) di ọdún 15, wọ́n sì ra àwọn tí ìpẹtà ti lu padà ní ìlọ́po kan àtààbọ̀ iye tí wọ́n tọ́ lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ti ọdún 2001 sí 2004 kún un. Ní ti bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì ìsàlẹ̀, wọ́n pe Tacoma ọdún 2001 sí 2004 padà ní ọdún 2005 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ìyá wa kò sí nínú ti bọ́ọ̀lù yẹn, nítorí náà ọjọ́ orí àti kòtò ọ̀nà ni mo fura sí ní tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra Tacoma tòkunbọ̀, kí ó ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún: W ni 1998, X ni 1999, Y ni 2000, lẹ́yìn náà 1 ni 2001. A lè fi odidi nọ́ńbà náà wá ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti lò ó. Bó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ oníyìnyín ni, kí ẹni náà má san owó láìjẹ́ pé wẹ́dà ti wọ abẹ́ rẹ̀.

Oníṣòwò gàrí, Ọbańtokò

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò máa tọ́jú ẹ̀yin náà. A ti gbé ọkọ̀ náà dé ibi iṣẹ́ lórí ọkọ̀ pẹpẹ, mo sì wà níbẹ̀ fúnra mi títí wọ́n fi parí àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀tù mẹ́fà ló wà lójú táyà.

Bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì ìsàlẹ̀ òsì ló yọ lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù náà ṣì wà lórí áàmù, nọ́ọ̀tù rẹ̀ kò tú, àwọn bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sì wà lójú wọn. Ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ọ̀lù náà ń dán bíi ṣíbí, ẹ̀gbẹ́ kejì pọ́n fún ìpẹtà, kò sì sí gírísì kankan nínú ilé rẹ̀ àfi ìyẹ̀fun pupa tó gbẹ. Rọ́bà tó yẹ kó bò ó ti ya, ó sì jọ pé ó ti pẹ́. Ojú ihò áàmù ṣì rí róbótó. Okùn rọ́bà bíréèkì ti ya níta lápá kan. Lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, nígbà tí wọ́n fi irin gbé táyà, èmi tí n kò mọ̀ nípa ọkọ̀ rí i pẹ̀lú ojú mi pé àlàfo yẹn ń ṣí.

Ní ti ṣáásì, apá iwájú ló yà wá lẹ́nu. Ìdí áàmù ìsàlẹ̀ méjèèjì pọ́n, wọ́n burú lójú, ṣùgbọ́n òòlù dún ketekete níbẹ̀, sukudiráfà kò sì wọlé. Ibi tí èèpá ti bọ́ gan-an ṣì le. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, lókè ibi tí sípíríǹgì onípele ti so mọ́ ṣáásì níwájú, ọ̀dà dúdú kan wà tó nípọn. Nígbà tí wọ́n ha á kúrò, sukudiráfà wọlé dé ìdí. Ihò tó tóbi tó àtàǹpàkò ṣí, ẹrẹ̀ gbígbẹ tó dà pọ̀ mọ́ èèpá ìpẹtà sì dà sílẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́. Láti etí ihò náà, ìlà kan là lọ sókè bí ìka kan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún níbi kan náà dún bọ̀ùn, ṣùgbọ́n sukudiráfà kò lù ú. Páìpù bíréèkì tó gba ibẹ̀ kọjá ti wú, ó sì rí ṣákaṣàka.

Ní báyìí, ẹnì kan níbẹ̀ ní kí n tún iwájú ṣe ná kí n lè máa ṣiṣẹ́, pé ti ẹ̀yìn lè dúró. Kí ni ẹ rí sí i?

Mẹkáníìkì, Ìta-Ọ̀ṣìn

Ìyá wa, rárá o. Bí ẹ bá tún iwájú ṣe tí ẹ sì di ẹ̀gẹ́ lé ẹ̀yìn, ohun tó kù láti já ni ṣáásì fúnra rẹ̀. Èmi tilẹ̀ rò pé kí ẹ tà á. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ dára, gíà rẹ̀ dára, bọ́dì rẹ̀ ń pa owó. Ṣáásì tó ti là kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù lé.

Wẹ́dà ṣáásì, Kútọ̀

Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo rò pé ó ti yá jù láti sọ bẹ́ẹ̀. Ihò kan àti ìlà kan kò tíì sọ pé ṣáásì ti kú. Ohun tí yóò sọ ọ́ ni bí irin tó dára ṣe jìnnà sí ihò náà tó. Kí wọ́n gbé bọ́dì ẹ̀yìn kúrò, bóòtù díẹ̀ ló dì í, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìlọrin ha ìpẹtà kúrò yí ihò náà ká títí irin dídán yóò fi yọ lọ́tùn-ún, lósì, lókè àti nísàlẹ̀. Bí irin tó nípọn dáadáa bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, tí ìdí sípíríǹgì fúnra rẹ̀ sì le, a lè gé èyí tó jẹrà kúrò, ká jó irin tuntun sí i. Bó bá jẹ́ pé gbogbo àyíká náà ló ń fọ́ bí èèpo ẹ̀pà lọ́wọ́ wa, èmi náà á sọ pé kí ẹ tà á, tàbí kí ẹ wá ṣáásì mìíràn. Bó bá di ti ṣáásì mìíràn, ẹ rántí pé nọ́ńbà ṣáásì wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún ìwé náà ṣe kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ọlọ́pàá.

Bí a bá máa jó o, àwọn ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ wẹ́dà yòówù tí ẹ bá lò, ìbáà jẹ́ èmi tàbí ẹlòmíràn. Irin tuntun kò gbọ́dọ̀ tínrín ju ti ṣáásì lọ. Kò gbọ́dọ̀ jó o lé orí ìpẹtà, nítorí pé irin tó ti jẹrà kì í di iná mú. Ìlà tó là yẹn, ó ní láti lu ihò kékeré sí ẹnu rẹ̀ kó má baà máa là lọ, kó tó di pé ó jó o. Irin pẹlẹbẹ tó bá bò ó, kí ó gé ẹnu rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó, kì í ṣe kó gé e ṣánṣán kí ojú jíjó sì dábùú ṣáásì látòkè délẹ̀, torí pé etí jíjó tó dábùú bẹ́ẹ̀ ni ṣáásì yóò tún ti ṣẹ́. Kó yọ okùn bátìrì, kó tú páìpù bíréèkì kúrò níbẹ̀, kó sì gbé tánkì epo jìnnà pátápátá. Páìpù bíréèkì yín tó ti wú yẹn, tuntun ni kí ẹ fi sí i, ẹ má dá a padà.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó dún bọ̀ùn gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú kan náà lọ́jọ́ kan náà.

Mẹkáníìkì, Ìta-Ọ̀ṣìn

Mo gbọ́. Bí irin bá yọ dáadáa láàárín ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí, èmi náà á fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ya fọ́tò irin tí wọ́n ha náà kí wọ́n tó bò ó, ká lè jọ rí i.

Olùtajà ẹ̀yà ọkọ̀, Pańṣẹ́kẹ́

Ní ti bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì ìsàlẹ̀, ẹ ra méjèèjì pọ̀. Ti ọ̀tún àti ti òsì yàtọ̀ síra, ẹ má gba méjì tó jọra lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tuntun nìkan ni kí ẹ rà. Tòkunbọ̀ bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì kò ní àǹfààní, nítorí pé ohun tó ti jẹ nínú kò hàn níta. Bákan náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun lè ṣí ti àtijọ́, òun á ki nǹkan sínú rẹ̀ kó lè le padà, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ ra bóòtù mẹ́rin tuntun fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti pín-ìnnì tó ń gba inú nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá ń rán ènìyàn lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin, ẹ fi ti àtijọ́ lé e lọ́wọ́ kó lè fi wé e.

Oníṣẹ́ aláìnmẹ́ńtì, Àsẹ̀rò

Kí wọ́n tó to ẹsẹ̀ iwájú padà, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n gbìyànjú láti yí àwọn bóòtù gígùn tó di ìdí áàmù ìsàlẹ̀ mú. Àwọn ni a fi ń tún ìdúró táyà ṣe lórí ọkọ̀ yìí. Lórí Tacoma tó ti rí iyọ̀, wọ́n sábà máa ń gan mọ́ inú irin búùṣì (rọ́bà tó ní irin nínú, tó wà ní ìdí áàmù), nígbà tí ọkọ̀ bá sì dé ọ̀dọ̀ wa, a kò ní lè ṣe nǹkan kan fún un. Bí wọ́n bá ti gan, kí wọ́n gé wọn kúrò, kí wọ́n fi búùṣì àti bóòtù tuntun sí i nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí wọ́n sì fi gírísì pa wọ́n lára.

Oníṣòwò gàrí, Ọbańtokò

Wọ́n ti ha á. Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá mẹkáníìkì àti ọ̀gá wẹ́dà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, irin dídán bẹ̀rẹ̀ ní bí ìka mẹ́ta sí etí ihò, ìdí sípíríǹgì sì le. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti tínrín ṣùgbọ́n kò lù. Àwọn méjèèjì ti gbà pé ó ṣeé jó. Ètò tí mo wá ṣe ni pé ṣáásì ni a ó kọ́kọ́ parí, lẹ́yìn náà páìpù àti okùn rọ́bà bíréèkì, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù-jọ́íńtì ọ̀tún àti òsì pẹ̀lú búùṣì, kó tó lọ sí Àsẹ̀rò fún aláìnmẹ́ńtì. Títí di ìgbà náà, ọkọ̀ tí mo háyà ni yóò máa kó ẹ̀gẹ́. Ìbéèrè mi tó kù ni ohun tí mo ní láti fi pa inú ṣáásì náà kí ìpẹtà má baà padà.

Wẹ́dà ṣáásì, Kútọ̀

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ inú rẹ̀ dáadáa láti àwọn ihò tó wà lára rẹ̀ títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́, kí wọ́n sì fi okùn irin tú àwọn ihò ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Nígbà tó bá gbẹ pátápátá, ọ̀dà pupa ìpìlẹ̀ ni fún ìta, ọ̀dà dúdú tó tínrín lé e, kì í ṣe èyí tó nípọn bí ọ̀dà títì, torí pé abẹ́ rẹ̀ ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Fún inú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fín epo tó ń dènà ìpẹtà sínú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí wọ́n ṣọ́ra kó má kan bíréèkì tàbí rọ́bà. Kí wọ́n tún un fín kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí òòlù sì tún kan ibi tí a jó náà ní ọjọ́ yẹn.